Ẹṣin Kan Náà, Ìdènà Kan Náà: Kí Ló Mú Agẹṣin Onífàájì Yàtọ̀ sí Agẹṣin Oníṣẹ́?

Ọ̀rọ̀ ẹṣin la fẹ́ sọ lónìí. Kì í ṣe ẹṣin Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, èyí tí wọ́n ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ rẹpẹtẹ, kì í sì í ṣe ẹṣin pólò tó ń lé bọ́ọ̀lù kiri ní Ìkòyí. Ẹṣin tó ń fo ìdènà ni mo ń sọ, eré tí àwọn Òyìnbó ń pè ní showjumping. Tí ẹ bá ti wo Òlíḿpíìkì rí lórí tẹlifíṣàn, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti rí i. Wọ́n á to ọ̀pá gbọọrọ tí wọ́n kùn ní oríṣiríṣi àwọ̀, ẹṣin á sáré dé ibẹ̀, á fò ó, á tún kọrí sí òmíràn. Tó bá fẹsẹ̀ gbá ọ̀pá jábọ́, àmì ìyà mẹ́rin. Tó bá kọ̀ tí kò fò, àmì ìyà mẹ́rin. Tó bá kọ̀ lẹ́ẹ̀kejì nínú ìdíje ńlá, wọ́n á ní kó máa lọ sílé. Ẹni tí àmì ìyà rẹ̀ kéré jù ló borí.

England ni mo ń gbé. Ní òpin ọ̀sẹ̀, mo máa ń ṣiṣẹ́ díẹ̀ ní ilé ẹṣin kan ní ìgbèríko. Iṣẹ́ mi kò ju kí n kó ìgbẹ́ ẹṣin, kí n sì gbé ọ̀pá tó bá jábọ́ padà sókè. Ṣùgbọ́n ojú ẹni tó ń gbé ọ̀pá máa ń rí nǹkan. Àwọn tó ń gẹṣin fún fàájì àti àwọn tó fi ẹṣin gígùn jẹun jọ ń lo pápá kan náà níbẹ̀. Nígbà mìíràn, ẹṣin kan náà gan-an ni wọ́n jọ ń gùn. Ẹni tó ni ẹṣin á gùn ún ní Sátidé, ọ̀pá mẹ́ta á jábọ́. Olùkọ́ á gun ẹṣin yẹn lọ́jọ́ kejì, á fo ìdènà yẹn kan náà, èmi á kàn káwọ́ lẹ́yìn, torí kò sí ọ̀pá tí mo fẹ́ gbé. Ẹṣin ò yí padà. Ìdènà ò kúrú sí i. Kí ló wá yàtọ̀?

Ìdáhùn mẹ́ta ni mo sábà máa ń gbọ́. Àwọn kan á ní oníṣẹ́ láyà ju onífàájì lọ. Àwọn kan á ní ó lágbára jù ú lọ. Àwọn tó kù á ní owó ni, pé ẹṣin olówó ńlá ló wà lábẹ́ oníṣẹ́. Ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kò dé ìdí ọ̀rọ̀ lójú tèmi. Ìdí ọ̀rọ̀ wà nínú ìṣirò kékeré kan tí ọmọ prámárì lè ṣe, ó sì tún wà nínú ẹsẹ̀ ẹṣin fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbé e yẹ̀wò díẹ̀díẹ̀.

Owó ló pín wọn, kì í ṣe ọgbọ́n

Ká kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń sọ. Ní Amẹ́ríkà, àjọ tó ń ṣàkóso eré ẹṣin, ìyẹn USEF, ti là á sílẹ̀: ẹni tó bá ti ju ọmọ ọdún 18 lọ, tí kì í gba owó láti gun ẹṣin, láti kọ́ ẹṣin tàbí láti kọ́ ẹlòmíì ní ẹṣin gígùn, onífàájì ni. Ẹ kíyè sí i pé òfin yẹn kò sọ pé onífàájì kò mọ̀ ọ́n gùn. Ó lè gbọ́n ju olùkọ́ rẹ̀ lọ. Owó ni òfin ń wò.

Láyé àtijọ́, ọ̀rọ̀ yìí tún le jù báyìí lọ. Títí di ọdún 1948, àwọn ọ̀gá ológun àti àwọn ọlọ́lá tí kì í fi ẹṣin wá oúnjẹ nìkan ló lè gun ẹṣin ní Òlíḿpíìkì. Sájẹ́ǹtì ò lè bá wọn dá sí i, torí wọ́n kà á sí ẹni tó ń fi ẹṣin ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Ní London lọ́dún 1948 yẹn, ikọ̀ Sweden gba góòlù nínú dressage, eré tí ẹṣin ti máa ń fi ìrìn dárà. Nígbà tó yá, ó hàn sí gbogbo ayé pé sájẹ́ǹtì ni ọ̀kan nínú wọn, Gehnäll Persson, pé ńṣe ni wọ́n kàn fi oyè ọ̀gá wọ̀ ọ́ fúngbà díẹ̀ nítorí eré náà. Wọ́n gba góòlù náà padà lọ́wọ́ gbogbo ikọ̀ náà. Nígbà tó fi máa di 1952, òfin ti yí padà, Persson padà wá, Sweden sì tún gba góòlù. Ọkùnrin kan náà, ọgbọ́n kan náà. Orúkọ tí wọ́n ń pè é ló yí padà.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ nínú eré fífo ìdènà náà. David Broome, ọmọ Wales tó ń gùn fún Britain, gba àmì ẹ̀yẹ idẹ ní Òlíḿpíìkì 1960 àti 1968. Lẹ́yìn 1972, ó di oníṣẹ́, ilẹ̀kùn Òlíḿpíìkì sì tì mọ́ ọn. Ọdún 1988 la tó tún rí i níbẹ̀, nígbà tí wọ́n ti ń gba oníṣẹ́ láyè. Lónìí, oníṣẹ́ ló kún Òlíḿpíìkì fọ́fọ́.

Tí ẹnì kan bá wá sọ pé owó ẹṣin ló ń ṣe é, ẹ sọ ìtàn Snowman fún un. Ní 1956, Harry deLeyer, ọmọ Netherlands tó ṣí wá sí Amẹ́ríkà, tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ní ẹṣin gígùn ní Long Island, ra ẹṣin funfun kan ní Pennsylvania. Dọ́là 80 péré ló rà á. Ẹṣin oko ni, wọ́n sì ti fẹ́ máa kó o lọ síbi tí wọ́n ti ń pa ẹran. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ẹṣin yẹn borí àwọn ẹṣin olówó gọbọi ní Madison Square Garden, ó sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1959. Èmi ò sọ pé owó ò wúlò o. Lóde òní, ẹṣin tó lè fo mítà 1.60, ìyẹn gíga ìdènà Òlíḿpíìkì, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń rí lójú títì. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ilé ẹṣin wa: ẹṣin kan náà ni, èsì ni kò dọ́gba.

Agbára ńkọ́? Ọkùnrin àti obìnrin jọ ń díje nínú eré yìí ni, kò sí pé wọ́n pín wọn sọ́tọ̀. Ní Mexico lọ́dún 1968, Marion Coakes, ọmọbìnrin ọdún 21, gba fàdákà lórí ẹṣin kúkúrú kan tó ń jẹ́ Stroller, tí gíga èjìká rẹ̀ kò tó mítà kan ààbọ̀. Ní Rio lọ́dún 2016, Nick Skelton gba góòlù nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 58, lẹ́yìn tí ọrùn rẹ̀ ti ṣẹ́ rí ní ọdún 2000. Tó bá jẹ́ pé agbára apá ni, bàbá ẹni ọdún 58 kọ́ ni ì bá máa borí àwọn ọ̀dọ́.

Ìṣirò ìgbésẹ̀

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wọ inú sáyẹ́ǹsì rẹ̀ wàyí. Ẹṣin tó ń bọ̀ wá fò kì í rìn, kì í sì í sá eré àsápajúdé. Eré tó wà láàrin méjèèjì, tí wọ́n ń pè ní canter, ló ń sá. Tẹ́ ẹ bá tẹ́tí sí i, ẹ ó gbọ́ ìró mẹ́ta: gbì, gbì, gbì, lẹ́yìn náà ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀, nígbà tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò nílẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan ló kọ́kọ́ balẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kejì àti ẹsẹ̀ iwájú kan á balẹ̀ pọ̀, ẹsẹ̀ iwájú tó kù á tẹ̀ lé e. Gbogbo èyí ni a ń pè ní ìgbésẹ̀ kan.

Ìgbésẹ̀ kan ẹṣin ńlá tó ń fo ìdènà tó nǹkan bíi mítà 3.6. Lórí pápá ìdíje, eré tí wọ́n sábà máa ń béèrè kì í dín sí mítà 350 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ pín in sí 60, ẹ ó rí i pé ẹṣin ń rìn tó mítà 5.8 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ni pé ìgbésẹ̀ kan ń gbà tó nǹkan bíi ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta tó gbẹ̀yìn kí ẹṣin tó fò kò tó ìṣẹ́jú-àáyá méjì. Kẹ́ ẹ tó sọ pé "Jésù gbà mí", ẹṣin ti wà lókè.

Ìdí nìyẹn tí àwọn agẹṣin fi máa ń fẹsẹ̀ rin pápá kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti kọ́ ẹsẹ̀ tiwọn láti máa gbé ìṣísẹ̀ tó tó sẹ̀ǹtímítà 90. Mẹ́rin irú rẹ̀ jẹ́ mítà 3.6, ìgbésẹ̀ ẹṣin kan. Wọ́n á fi ìṣísẹ̀ méjì sílẹ̀ fún ibi tí ẹṣin máa balẹ̀ sí lẹ́yìn ìdènà àkọ́kọ́, wọ́n á fi méjì sílẹ̀ fún ibi tó máa ti fo èkejì. Tí wọ́n bá ka ìṣísẹ̀ 28 láàrin ìdènà méjì, wọ́n á yọ mẹ́rin kúrò, ó ku 24. Ẹ pín in sí mẹ́rin: ìgbésẹ̀ ẹṣin mẹ́fà. Oníṣẹ́ mọ ìṣirò yìí, onífàájì náà mọ̀ ọ́n. Kò tíì sí ìyàtọ̀ níbẹ̀.

Ìyàtọ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹṣin bá ti ń sáré. Ibi tó dáa wà tí ẹṣin gbọ́dọ̀ ti gbéra. Tó bá súnmọ́ ìdènà jù, ẹsẹ̀ iwájú á gbá ọ̀pá. Tó bá jìnnà jù, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á gbá a, tàbí kí ẹṣin kọ̀ pátápátá. Ká ní ẹṣin kan ń bọ̀, tó sì jẹ́ pé bó ṣe ń lọ yìí, ó máa fi sẹ̀ǹtímítà 60 súnmọ́ ìdènà jù. Ẹni tó rí i láti ìgbésẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn kò ní wàhálà. Á ní kí ẹṣin fi sẹ̀ǹtímítà 10 dín ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan kù, láti 3.6 sí 3.5. Ẹṣin fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀. Àwa tó ń wòran ò tilẹ̀ ní rí ohunkóhun. A ó kàn máa sọ pé "ó rọrùn fún un o".

Ẹni tó rí i nígbà tó ku ìgbésẹ̀ méjì, sẹ̀ǹtímítà 30 ló máa dín nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ti le díẹ̀. Ẹni tó rí i nígbà tó ku ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo, gbogbo 60 ló máa dín lẹ́ẹ̀kan náà, láàrin àkókò tí kò tó ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kí ló kù tó lè ṣe? Á fa okùn ìjánu gbà-á. Irin á fa ẹnu ẹṣin, ẹṣin á gbé orí sókè, ẹ̀yìn rẹ̀ á tẹ̀ wọlẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó yẹ kó fi ti ilẹ̀ á sì pàdánù agbára. Ọ̀pá jábọ́. Àṣìṣe kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pàdé o, sẹ̀ǹtímítà 60. Ìgbà tí oníkálukú rí i ni kò dọ́gba.

Ẹ tún fi èyí kún un: ẹṣin ò rí ìdènà bí àwa ṣe ń rí i. Ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú rẹ̀ wà, nítorí náà ó ń rí fẹ̀ẹ̀ yí ara rẹ̀ ká, ṣùgbọ́n ibì kan wà níwájú orí rẹ̀ gan-an tí kò ríran. Bó bá ti súnmọ́ ìdènà pẹ́kípẹ́kí, díẹ̀ nínú ìdènà náà á wọ ibi tí ojú rẹ̀ ò dé. Àwọ̀ náà kò rí bákan náà fún un: ó mọ búlúù àti yẹ́lò, ṣùgbọ́n kò lè fi bẹ́ẹ̀ ya pupa sọ́tọ̀ sí àwọ̀ ewé. Nítorí náà, ó nílò kí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti ṣètò gbogbo nǹkan kí wọ́n tó débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ gọ́tà

Ẹ má rò pé idán ni "rírí" tí mò ń sọ yìí. Gbogbo wa ló ní in. Ọmọ tó ń sáré bọ̀, tó fẹ́ fo gọ́tà ládùúgbò, kì í dúró ka ìṣísẹ̀. Láti òkèèrè ni ojú rẹ̀ ti wà lára gọ́tà, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì máa gùn tàbí kúrú díẹ̀díẹ̀ kó lè bá etí gọ́tà mu. Ọmọ tí kò wo gọ́tà títí ó fi dé ibẹ̀ ló máa ń ta jánjàn, tó sì ń jábọ́ sínú ẹrẹ̀. Ní 1982, David Lee àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Britain wo àwọn tó ń fo jìnnà, wọ́n sì rí i pé ní ìṣísẹ̀ bíi mélòó kan tó gbẹ̀yìn, ojú ni wọ́n fi ń tún ẹsẹ̀ wọn ṣe kí wọ́n lè tẹ pákó ibi ìgbéra dáadáa. Chioma Ajunwa tó gba góòlù fún Nàìjíríà ní Atlanta lọ́dún 1996, tó fo mítà 7.12, irú pákó bẹ́ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ tẹ̀.

Ṣùgbọ́n Ajunwa ló ni ẹsẹ̀ tó fi fò. Ẹsẹ̀ ẹlòmíì ni agẹṣin ń darí, ẹlòmíì tó wọn kílò 500 sí 600, tó ní èrò tirẹ̀, tí kò sì gbọ́ èdè. Ojú agẹṣin á rí i, ọpọlọ á ṣírò, ìjókòó àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á bá ẹṣin sọ̀rọ̀, ẹṣin á wá dáhùn. Ọ̀nà tó gùn nìyẹn. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí rírí tètè ṣẹlẹ̀.

Ara tí kì í dí ẹṣin lọ́wọ́

Ohun kejì ni ara. Títí di nǹkan bí ọgọ́fà ọdún sẹ́yìn, àwọn agẹṣin máa ń fẹ̀yìn tì nígbà tí ẹṣin bá ń fò, wọ́n rò pé ìyẹn ló máa gbà wọ́n lọ́wọ́ ìṣubú. Ọ̀gá ológun Italy kan, Federico Caprilli, tó kú ní 1907, wo bí ẹṣin ṣe ń fò nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ní kí agẹṣin máa bá ẹṣin tẹ̀ síwájú, kó gbé ìdí kúrò lórí gàárì, kí ọwọ́ rẹ̀ sì tẹ̀ lé ẹnu ẹṣin. Gbogbo ayé ló ń fò báyẹn lónìí.

Onífàájì náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ìgbéra bá bá a lójijì, ara rẹ̀ á ṣẹ́ kù sẹ́yìn. Kó má baà ṣubú, á di okùn ìjánu mú, á sì fi bẹ́ẹ̀ fa ẹnu ẹṣin nínú afẹ́fẹ́. Tàbí kó tètè padà jókòó nígbà tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹṣin kò tíì kọjá ọ̀pá: ìwúwo rẹ̀ á tẹ ẹ̀yìn ẹṣin wọlẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á wálẹ̀, ọ̀pá á lọ. Tí ó bá sì gbọ́ tí ọ̀pá dún, á yíjú wo ẹ̀yìn. Orí èèyàn wúwo tó kílò mẹ́rin sí márùn-ún. Tó bá yí, èjìká á bá a yí, ẹṣin á gbọ́ ọ lára, ìdènà tó kàn sì ti ń bọ̀. Oníṣẹ́ kì í wo ẹ̀yìn. Ọ̀pá tó ti bọ́ ti bọ́.

Ìbẹ̀rù ńkọ́? Oníṣẹ́ náà ń bẹ̀rù o, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù agẹṣin kì í dúró sára agẹṣin nìkan. Ní Sweden, Linda Keeling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2009. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn fa ẹṣin tàbí gun ẹṣin láti ibì kan dé ibì kejì lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Kó tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, wọ́n sọ fún wọn pé ẹnì kan máa ṣí agbòjò lójijì bí wọ́n bá ń kọjá. Ẹnikẹ́ni ò ṣí agbòjò kankan. Síbẹ̀, ọkàn àwọn èèyàn náà bẹ̀rẹ̀ sí í lù kíkankíkan, ti ẹṣin náà sì bá a lọ. Ẹṣin ò mọ ohun tó ń jẹ́ agbòjò. Ara ẹni tó wà pẹ̀lú rẹ̀ ló kà. Nítorí náà, onífàájì tó ń gbọ̀n bó ṣe ń bọ̀ lọ́dọ̀ ìdènà ti sọ fún ẹṣin pé nǹkan burúkú wà níwájú. Ẹ ò wá ní bá ẹṣin wí tó bá dúró.

Ẹsẹ̀ ẹṣin ni iléèwé

Ẹ ó bi mí pé, ṣé onífàájì ò kàn lè máa fi kọ́ra sí i ni? Agbábọ́ọ̀lù tí kò mọ pẹnáritì gbá, ẹ jẹ́ kó gbá 200 lójúmọ́. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà, ibí yìí ló sì mú eré yìí yàtọ̀ sí àwọn tó kù. Bọ́ọ̀lù kì í rẹ̀. Ẹṣin ń rẹ̀.

Nígbà tí ẹṣin bá balẹ̀ lẹ́yìn ìdènà gíga, ipá tó ń ba ẹsẹ̀ iwájú kan ṣoṣo lè tó ìlọ́po méjì ìwọ̀n gbogbo ara rẹ̀. Fún ẹṣin kílò 550, ìyẹn lé ní tọ́ọ̀nù kan lórí ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn. Àwọn iṣan líle tó wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń gbà á. Tí iṣan yìí bá fàya, oṣù lórí oṣù ni kó tó san, òmíràn kì í sì í padà sí bó ṣe wà. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó láàánú ẹṣin kì í jẹ́ kó fo ìdènà lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá fi àpẹẹrẹ ṣírò. Ká ní ẹṣin kan lè fo ìdènà 15 lẹ́ẹ̀kan, kó ṣe é lẹ́ẹ̀méjì lọ́sẹ̀. Ọgbọ̀n nìyẹn lọ́sẹ̀. Onífàájì tó ní ẹṣin kan, 30 náà ló ní, bó ti wù kó tẹpá mọ́ṣẹ́ tó. Tó bá ṣe é fún ọ̀sẹ̀ 50 lọ́dún, 1,500 ni. Oníṣẹ́ tó ń gun ẹṣin mẹ́jọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò sì fò ju 30 lọ, 240 ló ní lọ́sẹ̀, 12,000 lọ́dún. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ẹnì kan ti rí ìdènà tó ń bọ̀ níwájú rẹ̀ ní ìgbà 15,000, ẹnì kejì ní ìgbà 120,000. Kò sì sí ẹṣin kankan tó ṣiṣẹ́ ju èkejì rẹ̀ lọ.

Ẹ wá rí i báyìí? Ọgbọ́n tó ń jẹ́ kéèyàn rí sẹ̀ǹtímítà 60 láti ìgbésẹ̀ mẹ́fà, ẹsẹ̀ ẹṣin la fi ń rà á, ẹṣin kan ò sì lè san gbogbo rẹ̀. Àwọn ẹṣin mẹ́jọ yẹn náà ò rí bákan náà. Ọ̀kan gùn nígbèésẹ̀, ọ̀kan kúrú, ọ̀kan ń fi iwájú fà, ọ̀kan ń ṣọ̀lẹ. Olúkúlùkù ń kọ́ oníṣẹ́ ní nǹkan tí èkejì ò lè kọ́ ọ. Onífàájì mọ ẹṣin tirẹ̀ bí ẹni mọ owó, ṣùgbọ́n ẹṣin tirẹ̀ nìkan náà ló mọ̀.

Nígbà tí ìdènà bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 90, ẹṣin ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀, torí ibi tó lè ti gbéra kó sì kọjá fẹ̀. Bí ẹ bá ṣe ń gbé ọ̀pá sókè, ibi yẹn á máa kéré sí i. Onífàájì tó fo 90 fún ọdún kan láìgbá ọ̀pá lè rò pé òun ti mọ̀ ọ́n. Ẹ bá a gbé e dé mítà 1.20, gbèsè tí ẹṣin ti ń bá a san á jáde síta. Ibẹ̀ ni ọrùn ti ń ṣẹ́, ibẹ̀ náà ni ẹṣin rere ti ń bàjẹ́, tó máa wá kọ ìdènà tí kò kọ̀ rí, tí wọ́n á sì máa sọ pé olóríkunkun ni.

Kí onífàájì ṣe wá?

Kò ní fi ẹṣin sílẹ̀ torí èyí. Ohun tó lè ṣe wà, tí kò ní jẹ ẹsẹ̀ ẹṣin ní gbèsè.

Èkíní, ọ̀pá ilẹ̀. Ẹ fi ọ̀pá kan lélẹ̀, ẹ máa sáré gba orí rẹ̀ kọjá. Kò sí fífò gidi, ìbalẹ̀ ò le, ṣùgbọ́n ìṣirò ojú kan náà ni. Ẹ fi ọ̀pá méjì sílẹ̀ ní mítà 18, ìyẹn ìlọ́po márùn-ún mítà 3.6. Ẹ gbà á ní ìgbésẹ̀ márùn-ún, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ dín ìgbésẹ̀ kù gígùn kẹ́ ẹ lè gbà á ní mẹ́fà, kẹ́ ẹ tún padà sí márùn-ún. Ojú á mọ ohun tó ń wò.

Èkejì, ẹ máa kà sókè. Ẹ kà á létí ara yín bí ẹṣin ṣe ń tẹ̀: oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Ẹni tó ń kà kò lè máa sé èémí mọ́nú, ìdọ́gba eré rẹ̀ kì í sì í tètè dàrú. Bí eré bá dọ́gba, ojú á rí nǹkan kíákíá.

Ẹ̀kẹta, ẹ gun ẹṣin ẹlòmíì nígbà tí àǹfààní bá wà, pàápàá ẹṣin àgbà tó ti mọ iṣẹ́. Irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ ń kọ́ni ju olùkọ́ mìíràn lọ.

Ẹ̀kẹrin, ẹ wo àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré.

Ẹ̀karùn-ún, tó le jù, ni kéèyàn mọ gíga tirẹ̀. Gíga tí ẹṣin lè fò ń jẹ́ tẹṣin; gíga tí ìwọ lè rí láti ìgbésẹ̀ mẹ́fà ló jẹ́ tìẹ. Èyí tó bá kéré nínú méjèèjì ni kó o máa fò. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹni tó ń fo mítà kan dáadáa fún ọdún mẹ́wàá, tí ẹsẹ̀ ẹṣin rẹ̀ sì le koko, lójú tèmi ó ti ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ò lè ṣe.

Tẹ́ ẹ bá tún rí eré yìí lórí tẹlifíṣàn, ẹ má wo ìdènà. Gbogbo èèyàn ló ń wò ó. Ẹ mú ojú kúrò níbẹ̀, ẹ wo ọwọ́ àti èjìká agẹṣin bó ṣe ń yípo bọ̀, kẹ́ ẹ sì kà pẹ̀lú ìró ẹsẹ̀ ẹṣin: mẹ́fà, márùn-ún, mẹ́rin, mẹ́ta, méjì, ọ̀kan. Tí ẹ ò bá rí nǹkan kan tó yí padà, tó dà bíi pé kò ṣe ohunkóhun rárá, iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá lẹ wò yẹn. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ bá rí ránṣẹ́ sí mi. Ó dìgbà kan ná o.